Aṣáájú Kì í Kúnlẹ̀

"Àgò!"

Ìbídàpọ̀ ké e, ó sì dúró. Alábàárù tó ń tẹ̀ lé e náà dúró. Ìyá kan tó pọn ọmọ wà láàárín ọ̀nà pupa níwájú wọn, ó ń na ọrùn wá ẹnì kan nínú èrò, kò tiẹ̀ gbọ́. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. Ó yíjú, ó rí ìgbànú tó ń tàn ní ìbàdí ọmọbìnrin náà, ó rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yára bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

"Àgò yà, ọmọ mi. Má bínú."

Alábàárù gbọ́. Táyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìbídàpọ̀ kò sọ fún ìyá náà pé kò burú, kò sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó ń rìn lọ, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró. Ìyá náà kò kà á sí ìgbéraga. Gbogbo ará Ọ̀yán ló mọ̀ pé àgò nìkan ló ń jáde lẹ́nu aṣáájú.

Gbọ̀ngàn Ìdíje kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ìlú Ọ̀yán fúnra rẹ̀ ti kún láti ìgbà tí omi òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ tí wọ́n kó ẹrù wọn wá sí òkè. Ibi tí èèyàn ti ń na apá tẹ́lẹ̀, èjìká ni wọ́n fi ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí, ẹ̀rọ sì tún wà láàárín wọn, lórí ọ̀nà tí wọ́n kùn ní pupa fún un. Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ti gba agbádá lọ́wọ́ àwọn bàbá, wọ́n ti fi í kọ́ sára ìkọ́ lára ògiri, wọ́n sì ti fi rọ́bà so ọrùn ọwọ́ bùbá wọn kí ẹ̀rọ má baà fà á. Àwọn ìyá ti fi gèlè sílẹ̀ níta. Gbogbo èèyàn ló wọ awò tí ń dáàbò bo ojú, ìbáà jẹ́ kábíyèsí. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bí èèyàn pàtàkì á wá rí bí ẹni tí wọ́n ní kó wá fọ àwo. Inú ń bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí i, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń wá, nítorí kò sí òbí tí kò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe ohun tí kò yé e.

Alábàárù ni wọ́n sọ ẹ̀rọ náà nítorí pé ẹrù ló ń rù. Ìdíje ọdún yẹn ni pé kí ẹ̀rọ ru kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè tó ṣe págunpàgun láìda omi náà nù. Ó ga tó ọmọ màlúù, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí táyà wà nídìí wọn, ó ká apá méjì mọ́ àyà, ọkùnrin mẹ́rin kò sì lè gbé e. Kò ní ẹnu. Wọn kì í fún ẹ̀rọ lẹ́nu ní Ọ̀yán. Èèyàn ló ń kágò, èèyàn ló sì ń dáhùn. Etí ni wọ́n fún ẹ̀rọ, bí kò bá sì tíì gbọ́ "àgò yà" lẹ́nu ẹni tó dí ọ̀nà, ibi tó wà náà ni ilẹ̀ máa ṣú bá a.

Nítòsí ìsọ̀ àwọn ọmọ Ìjemọ̀ tí wọ́n jọ ń díje, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Ìbídàpọ̀ lọ nígbà kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Bàbá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn láti fi sọ fún aṣáájú pé àwọn ti gba ìkíni rẹ̀, kó máa lọ. Ìbídàpọ̀ kọjá lára rẹ̀ láìmi orí. Ẹni tó bá ti di ìgbànú kò ní bàbá, kò ní ìyá, títí yóò fi tú u. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, àwọn ọmọdé sì ń fi ṣeré nílé.

Mọ́rèniké ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì ìdádúró tó wà ní ìdí Alábàárù. Òfin kò de ẹnu tirẹ̀, ó sì ń lò ó dáadáa. Ó ní kí Ìbídàpọ̀ jọ̀ọ́ kó fẹsẹ̀ kún un díẹ̀, ó tún ní kó má sáré o, nítorí pé wọ́n ń lé ẹni tó bá sáré nínú ọ̀nà pupa lọ sílé ni. Ó ní agogo ti ń lù, ṣé kò gbọ́ ni. Ìbídàpọ̀ gbọ́. Agogo pápá àṣekágbá ni. Tí ó bá dákẹ́, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀gá Ṣóyọ̀mbọ̀, olùkọ́ wọn, àti àwọn méjì tó kù nínú ẹgbẹ́ wọn ti lọ dúró síbẹ̀, bí ẹni pé dídúró wọn lè fa agogo náà gùn.

Ohun tí wọ́n ń sáré lé láìsáré kì í ṣe ife ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ méjì tó bá fi ẹ̀rọ tẹ pápá àṣekágbá ni Ilé-ẹ̀kọ́ Ẹ̀rọ máa ń gbà wọlé, bí wọ́n borí, bí wọn ò borí. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ìwé kẹrin ni wọ́n ti ń kan Alábàárù, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n tún ń kàn án. Gbogbo rẹ̀ wá kù sórí ọ̀nà pupa tó kù yìí àti ìbàdí Ìbídàpọ̀. Ìgbànú náà ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Tí aṣáájú bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìgbànú á ké. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á gbà pé ó ti ṣubú, á ti ara rẹ̀ pa, wọn yóò sì wọ́ ọ padà sí yàrá àyẹ̀wò, kò ní jáde níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí aṣáájú kì í fi í mú ohun tó bá bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kúnlẹ̀.

Bí òfin bá ti pẹ́, èèyàn á máa rò pé kò sẹ́ni tó bí i. Èyí ní ẹni tó bí i. Akínlàjà ni wọ́n ń pè é, àbúrò ìyá Ìbídàpọ̀. Kí wọ́n tó bí Ìbídàpọ̀, òun ló ń ṣe aṣáájú fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ń wo ìbàdí ni, ohun tó bá rẹlẹ̀ ju ìbàdí lọ, ilẹ̀ ló kà á sí. Akínlàjà pàdé bàbá rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni bàbá náà sọ, pé ṣé òun ló rí ló dúró gbọnrangandan. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni Akínlàjà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò rí ẹnì kankan níwájú rẹ̀ mọ́, ó sì ń lọ.

Bàbá náà ni Bàbá Láwóyin, bàbá ìyá Ìbídàpọ̀. Kò tún tẹ gbọ̀ngàn náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ọmọ òun ti wọ ẹgbẹ́ ẹ̀rọ, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé òun kò ní jẹun nílé rẹ̀ mọ́ títí ọmọ náà yóò fi yọwọ́. Kò sì jẹ ẹ́. Ìbídàpọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú kó má baà ṣubú, á sì máa pè é ní Àṣàkẹ́ títí yóò fi dìde. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje yìí, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé òun ti ránṣẹ́ sí bàbá pé wọ́n ti dé àṣekágbá, pé kò fèsì, ṣùgbọ́n bí ó bá rí i níbikíbi, kó kúnlẹ̀ kó má sì dìde títí yóò fi dá a lóhùn. Ìyá náà kò rò pé inú ọ̀nà pupa ni wọn yóò ti pàdé.

Níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí pápá ni Bàbá Láwóyin dúró sí. Wọ́n ti bọ́ agbádá lọ́rùn òun náà. Ó ti gbẹ sí i, awò náà tóbi lójú rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àárín ọ̀nà gan-an ló wà, bí ẹni tó ń sọdá tó wá gbàgbé ibi tó ń lọ.

Ìbídàpọ̀ dúró. Alábàárù dúró.

"Àgò."

Bàbá Láwóyin wo ojú rẹ̀. Ó wo ìgbànú. Kò gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

Àwọn tó wà nítòsí kò kọ́kọ́ kà á sí nǹkan kan. Àgbàlagbà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Agogo ń lù. Mọ́rèniké béèrè láti ẹ̀yìn pé kí ló dé, kò rí iwájú nítorí pé ẹ̀rọ náà dí i lójú. Ìbídàpọ̀ tún ké e lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ kò sì le tó ti àkọ́kọ́.

"Àgò, Bàbá."

"Bàbá" tó fi kún un yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin. Ìyáàfin Odùntán, olùṣọ́nà, obìnrin gíga tó dé fìlà pupa, gbọ́ ọ níbi tó wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó mọ bàbá náà. Kò sí olùṣọ́nà tí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá kágò fún èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, àwọn géńdé méjì ni yóò gbé e lápá lọ́tùn-ún lósì, wọn á gbé e jáde, wọn á sì pe orúkọ rẹ̀ lórí gbohùngbohùn kí gbogbo gbọ̀ngàn lè mọ ẹni tó dí ọ̀nà. Ìyáàfin Odùntán ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí, ojú kò sì tì í. Nígbà tó dé, ó dúró, ó fi fèrè rẹ̀ sí ẹnu, ó tún yọ ọ́. Ó ń retí àgò kẹta, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Bàbá Láwóyin ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ohùn ilé ló fi sọ ọ́.

"Ìbídàpọ̀, ṣé èmi lo rí lo dúró gbọnrangandan?"

Díẹ̀ nínú àwọn àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tí wọn kò mọ òfin ló ń sọ fún ọmọ náà pé kó kúkú kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kí wọ́n lè kọjá, ṣé orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ni. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò sì rọ adìyẹ. Agogo ṣì ń lù, ṣùgbọ́n ó ti ń falẹ̀.

Ìbídàpọ̀ gbìyànjú láti ronú. Bí ó bá kúnlẹ̀, Alábàárù á ti ara rẹ̀ pa, Mọ́rèniké àti àwọn yòókù á padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò dé ibì kan. Bí ó bá ké àgò kẹta, wọ́n á gbé bàbá àgbà òun lápá bí olè, níṣojú gbogbo ìlú, nínú gbọ̀ngàn tí ọmọ rẹ̀ kú sí. Bí ó bá dúró láìṣe ohunkóhun, ìlẹ̀kùn á tì. Kò fẹ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wù ú kó sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ òun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí aṣáájú ń sọ nìyẹn.

Níbi tó ti ń rò ó, orúnkún rẹ̀ kò dúró dè é. Ó ti pẹ́ tí orúnkún náà ti mọ bàbá yìí, ó mọ̀ ọ́n ṣáájú òfin, ó sì ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe bí ó bá rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ìgbànú ké.

"Ìbídàpọ̀, má ṣe é," Mọ́rèniké sọ láti ẹ̀yìn. Ẹkún wà lóhùn rẹ̀.

Ohun tí Bàbá Láwóyin rí nígbà náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè rò ó fúnra rẹ̀. Ọmọ kan níwájú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan dúró gàgàrà lẹ́yìn ọmọ náà, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ náà mú lápá, ó fà á sókè.

"Dìde. Má kúnlẹ̀. Má kúnlẹ̀ fún mi níbí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì lọ dúró sí àárín ọmọ náà àti ẹ̀rọ náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà Alábàárù, níbi tó ká apá mọ́, ó sì tì í. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé kò mì. Òun náà kò kúrò. Ìgbànú ti dákẹ́, nítorí ọmọ náà ti nàró, ṣùgbọ́n bàbá náà ṣì ń ti ẹ̀rọ. Ìyáàfin Odùntán wo fèrè rẹ̀, ó sì fi í sínú àpò.

Ìbídàpọ̀ kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó yíjú sí ẹ̀yìn bàbá àgbà rẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní.

"Àgò."

Ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta. Bàbá náà mí sínú, ó mí síta. Ó yọ ọwọ́ lára ẹ̀rọ, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì fara ti òpó tó wà níbẹ̀.

"Àgò yà," ó ní. Ẹ̀rọ náà ló kọjú sí tó ń sọ ọ́ fún.

Alábàárù gbọ́, ó sì tẹ̀ lé ìgbànú lọ.

Wọ́n wọ pápá, agogo sì dákẹ́ lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá Ṣóyọ̀mbọ̀ béèrè ohun tó dá wọn dúró, Mọ́rèniké ní kó jọ̀ọ́ kó má béèrè. Wọn kò borí. Alábàárù gun òkè náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó da omi kẹ́ẹ̀gì kan nù níbi ìsọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ àwọn ọmọ Ìjemọ̀ kò sì da ẹ̀kán kan. Wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n fún wọn ní ìwé ìgbàwọlé, àwọn méjì tó kù ń fò sókè. Mọ́rèniké fa Ìbídàpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní òun rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbídàpọ̀ ní òun mọ̀. Mọ́rèniké ní bí bàbá náà bá tún wá lọ́jọ́ mìíràn, òun lòun máa di ìgbànú. Lẹ́yìn náà ó bá a tú u, nítorí Ìbídàpọ̀ kò rí ìdè náà tú fúnra rẹ̀.

Ìbídàpọ̀ wá bàbá àgbà rẹ̀ nídìí òpó, kò sí níbẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti rí i, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ àwọn ìkọ́. Wọ́n ti gbé agbádá rẹ̀ fún un, ó ká a sórí itan, kò tíì wọ̀ ọ́. Ó ti bọ́ awò. Ọ̀nà pupa gba iwájú bẹ́ǹṣì náà kọjá lọ síta, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ń gbà re ilé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti lọ.

Ìbídàpọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan ní ìbàdí rẹ̀ mọ́ àfi ìró tí ó ró.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

Bàbá Láwóyin na ọrùn, ó wo apá òsì ọ̀nà títí dé inú gbọ̀ngàn. Ó wo apá ọ̀tún títí dé ẹnu géètì. Ó tún dìde díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó wo ẹ̀yìn ọmọ náà. Ìbídàpọ̀ kò gbójú sókè, ó ń dúró bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kó dúró.

Nígbà tó dá a lójú pé kò sí ohunkóhun tó ń bọ̀, ó jókòó padà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i kó dì í mú.

"Àṣàkẹ́," ó ní. "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́."